Aláwàdà Ọba àti Ẹ̀wù Aláràbarà Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa: Ìwé Kìn-ín-ní ti Pọ́ọ̀lù sí Àwọn Ará Kọ́ríńtì, orí 4, ẹsẹ 9 àti 10.



Nínú ẹsẹ méjèèjì tí a yàn yìí, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì wí pé Ọlọ́run fi òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ṣe ìran fún aráyé, ó sì pe ara rẹ̀ ní aṣiwèrè nítorí Kristi. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro létí àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ta ni nínú wa tí ó fẹ́ kí a pe òun ní aṣiwèrè? Èmi tìkára mi kò fẹ́ ẹ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Omifunfun ni ó mú kí n padà lọ ka ẹsẹ náà. Èmi yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín, kí ẹ má bàá rò pé ẹlòmíràn ni mo ń bá wí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìkórè ìjọ wa, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe eré kan níwájú ìjọ. Eré ọba kan àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan, tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ni a fi ṣe aláwàdà ọba. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, kó àjákù ankárá oríṣìíríṣìí jọ, ó sì fi rán ẹ̀wù fún un: apá ọ̀tún pupa, apá òsì aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ aró. Ó so ṣaworo mọ́ etí rẹ̀. Bí ọmọ náà ti wọlé, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, èmi pẹ̀lú sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba inú eré pàṣẹ pé kí ó kí àwọn àlejò, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ìwé kan sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí ó mú ọrẹ ìkórè wá. Nígbà tí ó kan olóko kòkó ńlá, ohùn rẹ̀ ròkè, ó tẹríba, ó ní kí gbogbo ènìyàn dìde. Nígbà tí ó kan opó tí ó mú iṣu mẹ́ta wá, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó sì yára ṣí ìwé náà kọjá. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ń sín jẹ. Èmi ni. Ikọ́ mi ni, ohùn mi ni, ìṣe mi ni.

Ẹ̀rín tí ìjọ rín gún mi bí ẹ̀gún. Mo dìde, mo dá eré náà dúró, mo sì pàṣẹ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọrin ní ọjọ́ ìkórè. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wá sí ilé mi. Bí ó tilẹ̀ tó ìyá mi í bí, Bàbá ni ó ń pè mí, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé irọ́ ni ọmọ náà pa?" Mo wá èsì, n kò rí i. Obìnrin yìí gan-an ni opó tí ó mú iṣu mẹ́ta wá ní ìkórè ọdún tí ó kọjá. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Àwọn baba wa wí pé ìpàkọ́ onípàkọ́ ni a ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ni ó ń bá ni rí tẹni. Ìpàkọ́ mi ni ọmọ náà rí, tí ó sì fi hàn mí. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ àwọn aláwàdà ọba: ta ni wọ́n, kí ni iṣẹ́ wọn, kí sì ni ìtumọ̀ ẹ̀wù aláràbarà tí wọ́n ń wọ̀? Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi bọ́ yín lónìí.

Èkíní: àwọn aláwàdà ní ààfin ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe òjíṣẹ́ ìjọ wa ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó kú ní 1901, arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó sì mú kí a tẹ ìwé náà jáde ní 1921. Nínú ìwé yìí ni ìtàn Aláàfin Abípa wà. Ní àkókò náà, ààfin Ọ̀yọ́ wà ní Ìgbòho, nítorí tí ogun Tápà ti lé àwọn baba wọn kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Abípa fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí ilé àtijọ́. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ ẹ, nítorí pé ilé àti oko wọn ní Ìgbòho ti dùn mọ́ wọn. Wọn kò lè wí i níwájú ọba. Nítorí náà wọ́n dá ọgbọ́n: nígbà tí ọba fẹ́ rán ènìyàn lọ wo ilẹ̀ náà, wọ́n rán abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ àti irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ fara pamọ́ sórí òkè níbẹ̀, kí wọ́n máa ké lóru pé kò sí àyè, kí àwọn ońṣẹ́ ọba lè rò pé iwin ni.

Ta ni ó tú àṣírí náà fún ọba? Kì í ṣe balógun. Ìtàn wí pé Ológbo ni, olórí àwọn arọ́kin, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọrin kí ọba, kí ó máa pa ìtàn àwọn baba rẹ̀, kí ó sì máa dá a lára yá. Ọba rán ọdẹ, wọ́n sì kó gbogbo àwọn iwin náà wá fún un. Ó mú wọn jáde níwájú àwọn ìjòyè tí ó rán wọn, ojú sì ti àwọn ìjòyè náà. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, èyíinì ni ọba tí ó mú iwin. Ọba sì padà sí Ọ̀yọ́ Ilé.

Ẹ kíyè sí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Ẹni tí a rò pé ẹnu dídùn nìkan ni ó ní, òun ni ó ní òtítọ́. Àwọn tí ara wọn kò pé ni àwọn ènìyàn ńlá sì fi ṣe ohun èlò ẹ̀tàn, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé Ọlọ́run kò dá wọn fún iṣẹ́ mìíràn. Èmi yóò padà sí èyí.

Ní oṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hugh Clapperton wà ní Ọ̀yọ́ Ilé gẹ́gẹ́ bí àlejò Aláàfin Májòtú. Ọba mú kí àwọn òṣèré eégún ṣeré fún un nínú ọgbà ààfin, Clapperton sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Ní apá kìn-ín-ní, àwọn ọkùnrin jó nínú àpò tí ó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, a sì fi ọ̀já aṣọ aláràbarà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ní apá kejì, wọ́n ṣe erè ńlá, wọ́n sì ṣe bí ẹni ń pa á. Ní apá kẹta, ẹnì kan jáde láti inú àpò, gbogbo ara rẹ̀ funfun bí ìda, ó tín-ínrín, ó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni ó ń sín jẹ! Gbogbo àwùjọ kọjú sí Clapperton, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wò ó bí yóò ti ṣe. Òyìnbó náà kò bínú, kò sì fi òtítọ́ pamọ́: ó jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òṣèré náà ṣe é dáadáa. Nígbà tí mo kà á, ojú tì mí. Àlejò láti òkè òkun gba ohun tí èmi, ọmọ onílé, kò lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa nísinsìnyí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní òru tí ó ṣáájú ijó ọ̀sán ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde, tòun ti aṣọ ìpele ìpele lára. Àwọn eléré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a sì máa yá gèlè àti ìró lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú láti fi di ara. Lẹ́nu Ẹ̀fẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹni tí ó jí owó ìlú, ẹni tí ó fi ìyà jẹ aya rẹ̀, àti olóyè tí ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń mú un ní òru náà, nítorí pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní 2001 ni àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun ìní tí gbogbo ayé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun. Kì í ṣe pé mo ń rọ onígbàgbọ́ láti padà sí ìdí òrìṣà. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn baba wa, tí wọn kò tíì gbọ́ Ìhìnrere, mọ̀ pé ìlú tí kò ní ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún àgbà kì í pẹ́ bàjẹ́. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọ Ọlọ́run má mọ ohun tí wọ́n mọ̀?

Èkejì: àwọn aláwàdà ní ààfin àwọn ọba òyìnbó.

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, aláwàdà ọba jẹ́ ìránṣẹ́ ààfin tí ó ní oúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn lọ́dọ̀ ọba. Nínú àwòrán àtijọ́, a sábà máa ń rí i nínú ẹ̀wù tí a fi àwọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rán pọ̀, tí apá kan kò bá èkejì mu. Fìlà rẹ̀ ní etí bí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, a so ṣaworo mọ́ ọn, ó sì mú ọ̀pá kékeré tí a gbẹ́ orí ènìyàn sí lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ìtumọ̀ rẹ̀. Ọba dé adé, aláwàdà dé fìlà olétí. Ọba mú ọ̀pá àṣẹ, aláwàdà mú ọ̀pá olórí yẹ̀yẹ́. Ọba wọ ẹ̀wù oyè, aláwàdà wọ ẹ̀wù àjákù. Ó jókòó lẹ́bàá ọba bí òjìji, kí ọba lè máa rántí pé ènìyàn ni òun pẹ̀lú. Ìwé Òwe, orí 27, ẹsẹ 19, fi ọkàn ènìyàn wé omi tí ojú ti ń rí ojú. Àwa tí a ń gbé Omifunfun kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹsẹ náà. Omi tí ó mọ́ kì í ṣe ojúsàájú: bí ojú bá dọ̀tí, ìdọ̀tí ni yóò fi hàn.

Nígbà tí a kò tíì máa fi ẹ̀rọ tẹ ìwé, àwọn akọ̀wé ìjọ a máa ya àwòrán sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn Orin Dáfídì. Níbi Orin 53, tí ó sọ̀rọ̀ aṣiwèrè tí ó wí lọ́kàn rẹ̀ pé kò sí Ọlọ́run, aṣiwèrè ni wọ́n sábà máa ń yà síbẹ̀. Ọba Henry Kẹjọ ti England ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí a ṣe fún un ní nǹkan bí 1540. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Orin náà, a ya ọba fúnra rẹ̀ bí Dáfídì tí ń ta hápù, aláwàdà rẹ̀, Will Somers, sì dúró ní tòsí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọba tí ó ní agbára tó bẹ́ẹ̀, tí ó pa àwọn ìyàwó rẹ̀ méjì, tí ó sì bẹ́ orí àwọn ìjòyè ńlá, jẹ́ kí a ya òun pọ̀ mọ́ aláwàdà níbi ẹsẹ aṣiwèrè. Ìwé náà kò sọ fún wa èwo nínú àwọn méjèèjì ni aṣiwèrè. Will Somers wà láàyè lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀, ó sì kú ní 1560.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí ojú rere bẹ́ẹ̀. Archibald Armstrong jẹ́ aláwàdà Ọba Charles Kìn-ín-ní. Ní 1637, ọba àti Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà William Laud fi ipá mú Ìwé Àdúrà tuntun wọ ilẹ̀ Scotland. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìjọ St Giles ní Edinburgh, ìrúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Bí ìròyìn ti dé London, Armstrong pàdé Laud tí ó ń lọ sí ìgbìmọ̀ ọba, ó sì bi í léèrè ta ni aṣiwèrè nísinsìnyí. Laud fi ẹjọ́ sùn. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí a bọ́ ẹ̀wù aláwàdà gba orí rẹ̀, kí a sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Oṣù kẹta ọdún 1638 ni èyí ṣẹlẹ̀.

Èmi kò wí pé ènìyàn mímọ́ ni Armstrong. Onígbéraga ni, ó sì fẹ́ràn owó. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kò sì gàn Laud, ẹni tí ó fẹ́ kí ìsìn Ọlọ́run ní ọ̀wọ̀ àti ẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù ìtàn náà. A bọ́ ẹ̀wù aláwàdà, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀. Ogun Scotland dé, ogun abẹ́lé tẹ̀lé e, a bẹ́ orí Laud ní 1645, a sì bẹ́ orí ọba fúnra rẹ̀ ní 1649. Armstrong padà sí ìgbèríko, kò sì kú títí di 1672. Ìjọba tí ó lè lé aláwàdà jáde kò lè lé òtítọ́ jáde. Òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra èké ni yóò rù ú délé.

Ẹnì kan kù tí n kò lè ṣàì dárúkọ rẹ̀. Ní ìgbà Ọba Henry Kìn-ín-ní, ọkùnrin kan wà ní England tí à ń pè ní Rahere. Ìwé tí ọ̀kan nínú àwọn ará ilé ìsìn rẹ̀ kọ ní ọ̀rúndún kejìlá kan náà sọ pé a kò bí i ní ilé ńlá, ó sì ń lọ káàkiri ilé àwọn ọlọ́lá àti ààfin ọba, ó ń fi àwàdà àti ọ̀rọ̀ ìpọ́nni wá ojú rere. Nítorí èyí ni àwọn ará London fi ń pè é ní aláwàdà ọba. Nígbà tí ó yá, ọkàn rẹ̀ yí padà. Ó rin ìrìn-àjò lọ sí Róòmù láti ronú pìwà dà. Níbẹ̀ ni àìsàn ti gbé e dè, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí òun padà sílé, òun yóò kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn tálákà. Ọlọ́run dá a sí, òun náà sì san ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ní 1123 ni ó dá ilé ìwòsàn St Bartholomew sílẹ̀ ní Smithfield, pẹ̀lú ilé ìsìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní 900 ọdún báyìí, a ṣì ń wo aláìsàn ní ibẹ̀, ibojì Rahere sì wà nínú ìjọ St Bartholomew títí di òní. Ẹ̀rín tí ó pa àwọn ọlọ́lá ti parẹ́, a kò mọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àánú tí ó ṣe fún tálákà kò parẹ́.

Ẹ̀kẹta: kí ni Ìwé Mímọ́ wí?

Ìwé Mímọ́ kò fi gbogbo ẹ̀fẹ̀ ṣe ọ̀kan. Nínú ìwé sí àwọn ará Éfésù, orí 5, ẹsẹ 4, Pọ́ọ̀lù kọ ọ̀rọ̀ wèrè àti àwàdà tí kò yẹ fún àwọn ènìyàn mímọ́. Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 16, àwọn Fìlístínì mú Sámúsónì tí wọ́n ti yọ lójú jáde kí ó wá ṣeré fún wọn, ẹ̀rín wọn sì di ẹkún ní ọjọ́ náà. Ní ààfin àwọn ọba òyìnbó, a a máa kó aràrá àti àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé jọ, kí a lè máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni ń fi ọmọ ẹranko ṣeré. Àwọn ìjòyè Ìgbòho ṣe irú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ tí alágbára fi ń tẹ aláìlera mọ́lẹ̀ kì í ṣe àwàdà, ìwà ìkà ni. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń pe ọmọ akólòlò dìde kí kíláàsì lè fi í rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n irú kejì wà. Nínú Ìwé Kejì ti Sámúẹ́lì, orí 12, Nátánì pa ìtàn àgùntàn kan fún Dáfídì. Ọba gbọ́ ìtàn náà bí ẹjọ́ ẹlòmíràn, ó dá ẹjọ́ náà, ó sì rí i pé orí ara rẹ̀ ni òun dá a lé. Bí Nátánì bá ti wọlé pẹ̀lú ìbáwí gbangba, bóyá ọba kì bá gbọ́. Dáfídì kan náà sì ti mọ bí ó ti rí kí a máa fi ojú aṣiwèrè wo ènìyàn, nítorí ní Gátì, níwájú Ọba Àkíṣì, ó sín wèrè jẹ kí ó lè yè, títí itọ́ fi ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run fi òróró yàn kò ka yẹ̀yẹ́ sí ikú.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a bọ́ bàtà wa, nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni a dé. Lúùkù, orí 23, ẹsẹ 11, sọ pé Hẹ́rọ́dù àti àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ fi Jésù ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ dídán, wọ́n sì rán an padà sí Pílátù. Mátíù, orí 27, sọ pé àwọn ọmọ-ogun wọ̀ ọ́ ní aṣọ òdòdó, wọ́n fi ẹ̀gún hun adé dé e lórí, wọ́n fi ọ̀pá ìyè sí i lọ́wọ́, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wù, adé, ọ̀pá! Gbogbo ohun èlò aláwàdà ọba pé sí ara Olúwa wa. Ẹni tí í ṣe Ọba nítòótọ́ ni a múra fún bí ẹni tí a fi ń sín ọba jẹ. Aráyé rò pé àwọn ń wo aṣiwèrè. Wọn kò mọ̀ pé Òun ni omi tí ó mọ́, tí wọ́n ti ń rí ojú ara wọn: àlùfáà rí ìlara rẹ̀, gómìnà rí ojo rẹ̀, ọmọ-ogun rí ìkà rẹ̀. Nítorí náà ni Pọ́ọ̀lù kò fi tijú láti pe ara rẹ̀ ní aṣiwèrè. Ẹ̀wù tí ọ̀gá wọ̀, ìtìjú kọ́ ni fún ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìparí.

Ǹjẹ́, kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe olórí, ìbáà ṣe nínú ìjọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí nínú ilé yín, ẹ má ṣe lé ẹni tí ó ń sọ òtítọ́ fún yín jáde, bí ó bá tilẹ̀ ti inú ẹ̀rín sọ ọ́, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí inú tó bí ọ, kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyá àgbà nì béèrè lọ́wọ́ mi: ṣé irọ́ ni ó pa?

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní ẹnu àwàdà, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń fi ẹnu yín ṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ti wà nílẹ̀ ni ẹ ń tẹ̀, ẹ pa ẹnu mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó gbéra ga ni ẹ ń rán létí, ẹ ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìkórìíra. Ẹ rántí Rahere pẹ̀lú: ẹ̀bùn tí a fi ń wá ojú rere ọlọ́lá lè di ẹ̀bùn tí a fi ń sin tálákà.

Ní ti àwa tí a ń wọ ẹ̀wù dúdú àti ẹ̀wù funfun níwájú ìjọ, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Jákọ́bù kìlọ̀ fún wa nínú orí kejì ìwé rẹ̀ nípa ẹni tí ó fi ìjókòó rere fún olówó tí ó wọ aṣọ dáradára, tí ó sì ní kí tálákà dúró lápá kan. Olúwa wa sì jókòó níwájú àpótí ìṣúra, gẹ́gẹ́ bí Máàkù ti sọ ọ́ ní orí 12, ó sì ka owó ẹyọ méjì opó sí ju gbogbo ọrẹ àwọn ọlọ́rọ̀ lọ. Mo ti wàásù lórí ẹsẹ náà nígbà púpọ̀. Iṣu mẹ́ta dé iwájú mi, n kò sì dá a mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ilé ọmọ náà. Mo bẹ òun àti ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ ìkórè, ó kọrin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti ka ọrẹ, mo ka gbogbo orúkọ ní ohùn kan náà, n kò sì sọ iye tí ẹnikẹ́ni mú wá. Inú àwọn kan kò dùn sí i, wọ́n sì fi hàn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe orúkọ ìyá àgbà náà sókè, mo gbé ojú kúrò lára ìwé, mo rí ọmọ náà láàárín àwọn akọrin. Ó ń wò mí. Mo mọ̀ pé bí ohùn mi bá lọ sílẹ̀, yóò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Olúwa Jésù, Ìwọ tí a wọ̀ ní ẹ̀wù ẹlẹ́yà nítorí wa, fún wa ní etí tí ó lè gbọ́ òtítọ́ láti ẹnu ẹni kékeré. Mú ìgbéraga kúrò lọ́kàn àwọn tí ń kọ́ni, mú ìwà ìkà kúrò lẹ́nu àwọn tí ń dẹ́rìn-ín pani, sì fi ọ̀wọ̀ fún aláìlera sí ọkàn gbogbo wa. Bí ayé bá pè wá ní aṣiwèrè nítorí Rẹ, fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti gbà á pẹ̀lú ayọ̀, títí a ó fi wọ ẹ̀wù funfun níwájú ìtẹ́ Rẹ. Àmín.